Ẹni Tí Mo Pọ̀n Lọ Síbi Ìdìbò

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀, ìyẹn Ajégúnlẹ̀ tó wà lẹ́yìn Òwódé Onírin, ẹ má wulẹ̀ béèrè ilé mi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà gbójú sókè. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ bá rí tí irin aláràbarà yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀ ká, tí irin náà lọ́ mọ́ra bí irun tí wọ́n dì fún ìyàwó tuntun, tèmi ni. Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi ṣe é. Wẹ́dà ni mí, èmi kì í sì í ṣe wẹ́dà ẹgbẹ́ àwọn kan. Bí ẹ bá rí géètì tó dúró dáadáa láti Kétu títí dé Ògùdù, tí kì í mì, tí kì í ké bí ẹni tí inú ń run bí wọ́n bá ṣí i, ẹ bi onílé náà léèrè, orúkọ mi lẹ ó gbọ́. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ìwé karùn-ún ni mo wà tí bàbá mi fi mú mi kúrò nílùú wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn wá kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mò ń kọ èyí, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀. Ẹni tí irin ń tẹ̀ fún, kí ni bírò fẹ́ fi ṣe agídí sí?

Àbúrò mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá kan, bàbá kan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀ ni àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú un, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì gbẹ. Ẹ̀yìn mi ló fi lọ sílé ìwé. Ilé ìwé wa wà lórí gegele kan báyìí, bí mo bá ti ń pọ̀n ọ́n gòkè lọ, á máa ka tábìlì ìṣirò sí mi létí, á ní kí n dá òun lóhùn. Bí mo bá ṣì í, á gbá mi létí. Ẹ ò rí i pé orí mi kì bá tí burú nínú ìṣirò ká ní wọ́n jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀? Nígbà tí ilé mi dúró l'Ékòó, mo lọ mú un wá. Ó kọ́ṣẹ́ télọ̀, ó gba fìrídọ́ọ̀mù, ó sì ra ilẹ̀ sí àdúgbò kan náà pẹ̀lú mi, apá òsì títì, bí èmi ṣe wà lápá ọ̀tún. Ilé ilẹ̀ ló kọ́ síbẹ̀, ó fi iwájú rẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń rán. Bí ó bá fi ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì ń rìn bọ̀, ẹ óò máa gbọ́ kò-kò-kò lórí sìmẹ́ńtì, ẹ ó sì mọ̀ pé ọ̀gá ń bọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún un lọ. Ẹnu rẹ̀ kò jẹ́ kí èèyàn sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún un.

Ẹni tí kò bá gbé ọ̀dọ̀ wa lè rò pé òjò ló ń dà wá láàmú. Òjò kọ́. Odò Ògùn ni. Òjò lè ti dá, kí oòrùn máa ràn yòò, kí odò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa gun títì bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àlejò tó mọ̀nà. Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń wọlé, ẹ máa retí rẹ̀. Ó sì lè jókòó tì wá títí àwọn èèyàn á fi máa múra Kérésì. Nígbà náà, ìsàlẹ̀ di ti omi, òkè di ti èèyàn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe ìpàdé àdúgbò lókè ilé mi, nítorí ilé ta tún ni ká lọ? Nígbà tó yá, ó mọ́ wa lára. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí eruku ń sọ lálá, òkè náà là ń gùn lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí. Èmi gan-an ni alága àdúgbò, kí ni màá béèrè fún? Ó wù mí kí wọ́n máa gba àtẹ̀gùn mi kọjá, kí wọ́n máa fọwọ́ pa irin mi.

Òfin wa ni pé ilé kan, ohùn kan. Onílé ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn ìyàwó máa ń wà nísàlẹ̀, àwọn ayálégbé náà kì í gòkè, àwọn ìyá àgbà méjì-mẹ́ta tí ọkọ wọn ti kú tí wọ́n sì nilé, orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn, wọ́n á ní, "Ohun tẹ́ ẹ bá ti sọ náà ló dáa." Ṣùgbọ́n àbúrò mi nilé, kò sì gbà pé ohun tí a bá ti sọ ló dáa. Nítorí náà ni mo ṣe ń pọ̀n ọ́n gòkè. Màá bẹ̀rẹ̀ nídìí àtẹ̀gùn, á kó ọ̀pá rẹ̀ fún ìyàwó mi, á so mọ́ mi lọ́rùn, ó di òkè. Inú mi máa ń dùn sí i. Àwọn tí mo fi ọdún jù lọ á máa di irin mú, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá ọ̀sán, èmi á gbé odidi èèyàn lẹ́yìn, màá tún máa kí wọn pé, "Ẹ kú agbára o."

Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wa lọ́dọọdún ni afárá pákó. Kí omi tó dé, a máa ń to pákó sórí ẹsẹ̀ irin láti ìparí àdúgbò títí dé ojú títì ńlá, kí èèyàn lè jáde láì fẹsẹ̀ kan omi. Pákó tí a ní kò tó apá méjèèjì. Tó bá gba ọ̀tún, á kọjá níwájú ilé mi àti ilé bàbá akọ̀wé wa. Tó bá gba òsì, á kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi. Ẹni tí afárá bá kọjá níwájú rẹ̀, ayé ń kọjá níwájú rẹ̀ náà nìyẹn. Ẹni tí kò bá kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, kó wọ́dò, tàbí kó dúró de ọkọ̀ ojú omi. Ẹ sì fojú inú wò ó: ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn kò lè wọ́dò. Ọkọ̀ kékeré wọ̀nyẹn máa ń mì lẹ́gbẹlẹ̀gbẹ, kò lè dá wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni oṣù kẹsàn-án tí omi ń dé náà ni ilé ìwé ń wọlé, tí gbogbo ìyá ń wá ẹni tó máa rán aṣọ ọmọ wọn. Ohun tí àbúrò mi ń jẹ láti ìgbà náà títí di Àjíǹde, oṣù yẹn ló ti ń rí i.

Lọ́dún tó kọjá, a péjọ nínú oṣù kẹjọ, ilẹ̀ ṣì gbẹ dáadáa. Mo pọ̀n ọ́n gòkè. Nígbà tí a débẹ̀, gbogbo àga ti kún, ìyàwó mi sì lọ gbé òmíràn wá láti iyàrá, nítorí náà mi ò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bàbá akọ̀wé, ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ń kánjú nítorí bọ́ọ̀lù tó fẹ́ lọ wò. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni fìdí mọ́ àga.

"Ẹni tó bá fẹ́ kí afárá gba ọ̀tún, kó nawọ́!"

Mo nawọ́. Ọ̀tún náà kúkú ni tèmi.

"Ẹni tó bá fẹ́ òsì?"

Ọwọ́ àwọn ará òsì lọ sókè. Mo rí i tí gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń wo èmi. Mo gbójú sókè, mo rí ọwọ́ kan lókè orí mi, ó dúró ṣanṣan bí àsíá.

Akọ̀wé ní, "Alága, èwo lẹ̀ ń fẹ́ gan-an? Ẹ nawọ́ sí ọ̀tún, ẹ tún nawọ́ sí òsì!"

"Ọwọ́ mi kọ́ nìyẹn."

"Ara yín ló kúkú ti yọ."

Àbúrò mi fọhùn látẹ̀yìn mi, ó ní, "Ọwọ́ tèmi ni. Mo nilé ládùúgbò yìí. Òsì ni mo fẹ́."

Ẹ gbọ́ bí akọ̀wé ṣe dá a lóhùn. Ó ní, "Aunty, ẹ má bínú o. Orí àtẹ̀gùn ni mo dúró sí, bí ẹ ṣe ń gòkè ni mò ń kà yín. Orí kan ni mo kà fún Alága. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi dá a: ṣé kọ́ńdọ́ ọkọ̀ máa ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀yìn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. "Ọmọ ẹ̀yìn kì í sanwó ọkọ̀!" Wọ́n ń pè é bí orin. Ọ̀tún fi ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo borí òsì. Ká ní wọ́n ka ọwọ́ òkè orí mi yẹn ni, ì bá dọ́gba. Nígbà tí mò ń pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó máa ń bá mi sọ̀rọ̀ létí bí rédíò, kò sọ̀rọ̀ rárá. Mo ní, "Ṣé o ò bínú?" Ó ní, "Ẹ fara balẹ̀ wo àtẹ̀gùn."

Omi dé lóòótọ́. Afárá kọjá níwájú mi, ìyàwó mi gbé kúlà sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ta mínírà fún àwọn tó ń kọjá, ọjà sì ń yá. Ní apá kejì, àbúrò mi ti fi búlọ́ọ̀kù gbé máṣínì rẹ̀ sókè, ó jókòó ti fèrèsé. Àwọn ìyá tó máa ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ń juwọ́ sí i láti orí afárá wa, wọ́n sì ń kọjá lọ bá télọ̀ mìíràn ní Ìkòsí. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Èmi kò jẹ́ kí ebi pa á o. Mo máa ń háyà ọkọ̀ ojú omi gbé oúnjẹ lọ fún un, ìyàwó mi ló ń sè é. Lọ́jọ́ kan, mo gbé ẹ̀wà àti dòdò dé, mo nà án sí i láti ojú fèrèsé.

Ó ní, "Ẹ ṣé o, Bọ̀ọ̀dá mi. Wọ́dà tó ń gbé dòdò fún ẹlẹ́wọ̀n kò wọ́pọ̀."

"Ẹlẹ́wọ̀n wo?"

"Ta ló tún jókòó sẹ́yìn irin fèrèsé tó ń gba oúnjẹ? Ẹ̀yin gan-an lẹ ṣe irin fèrèsé náà." Ó nawọ́ sí àwọn ọmọ kan tó ń kọjá lórí afárá. "Ẹ wo ọmọ yẹn. Láti jẹ́léósinmi ni mo ti ń rán aṣọ fún un. Ẹ wo ohun tí wọ́n wọ̀ fún un. Kọ́là wọ́, apá kan gùn ju èkejì lọ. Ara mi ń yún mi!"

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé lọ́dún tó ń bọ̀ màá bá àwọn èèyàn náà sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ mi ló gbẹ, ẹnu mi kò gbẹ."

Lọ́dún yìí, nígbà tí ìpàdé afárá tún pé, mo lọ dúró dè é nídìí àtẹ̀gùn bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó dé, kò-kò-kò, ó kí mi, ó kí ìyàwó mi. Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ó yá, gùn."

"Mi ò gùn."

Mo rò pé mo ṣì gbọ́ ni. "Ara rẹ kò yá ni?"

"Ara mi le. Bọ̀ọ̀dá mi, nígbà tí a dìbò ìjọba, inú ọgbà ilé ìwé ni wọ́n gbé àpótí sí, lórí ilẹ̀. Mo fẹsẹ̀ ara mi débẹ̀, mo tẹ̀ka, wọ́n kà á mọ́ ti àwọn tó kù. Ìka yìí kan náà, tó bá ti gun òkè ilé yín, á di òfo. Ṣé ìka ló bàjẹ́ ni, àbí ilé?"

Ẹ gbọ́ mi, mo lè fara da ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ilé mi! Mo dìde gbọnrangandan. "Ilé mi lò ń bú? Pẹ̀lú irin tó wà lára rẹ̀ yìí?"

"Irin yín dára, kò sí irú rẹ̀. Ẹ sọ ìpàdé kalẹ̀ wá bá mi, mi ò gun ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni lọ dìbò mọ́."

Mo yíjú sí ìyàwó mi pé kó bá mi bá a wí. Ìyàwó mi ń nu kúlà rẹ̀. Ó ní, "Daddy, kí ni mo fẹ́ sọ? Láti ìgbà tí a ti kọ́ ilé yìí, èmi náà kò tíì jókòó nínú ìpàdé tó ń ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀ mi."

Inú bí mi. Mo gòkè lọ, mo fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀.

Àbúrò mi wá gbé àga sídìí àtẹ̀gùn gan-an, sí àárín, ó jókòó, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan. Àwọn ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn rí i, wọ́n gbé àpótí wọn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé dé. Àwọn ayálégbé dé, tọkùnrin tobìnrin. Onílé tó bá fẹ́ gòkè ní láti máa tọrọ gáfárà: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sún díẹ̀." Wọ́n á sún díẹ̀, díẹ̀ náà gan-an ni, débi pé ẹni tó sanra á fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn.

Mo ṣí ìpàdé lókè. Mo sọ̀rọ̀ dáadáa, ohùn mi kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ borí tèmi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ohùn àbúrò mi: "Ẹni tó bá fẹ́ òsì ńkọ́?" Àwọn èèyàn sì dáhùn gèè. Ìyá àgbà kan ń pariwo pé, "Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí èmi sọ tèmi! Láti ọdún tí mo ti ń sọ pé ohun tẹ́ ẹ bá ti sọ ló dáa, irọ́ ni mò ń pa!" Ẹ̀rín tún bẹ́.

Àwọn ọkùnrin òkè bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn. Ọ̀kan dìde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fara ti irin mi, ó ń wo ìsàlẹ̀. Òmíràn lọ bá a. Kò pẹ́, irin mi kún fún ìdí àwọn èèyàn, ojú wọn wà nísàlẹ̀. Ọ̀kan ní òun fẹ́ lọ mu omi, kò padà wá. Òmíràn ní wọ́n ń pe òun lórí fóònù. Mo wo fóònù náà, iná rẹ̀ kò tàn. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, ó wá ku èmi àti bàbá akọ̀wé.

Mo ronú bí olórí ṣe ń ronú. Mo dìde, mo tún fìlà ṣe, mo ní, "Èmi alága, mo pàṣẹ pé kí ìpàdé sọ̀kalẹ̀."

Bàbá akọ̀wé wo gbogbo àga tó ṣófo. Ó ní, "Ó ti sọ̀kalẹ̀ ná, Alága. Àwa ló kù."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé ìpàdé Ajégúnlẹ̀ wá sílẹ̀. Èmi ni mo ṣe é, ẹ bi wọ́n.

Bí a ṣe dé ìsàlẹ̀, akọ̀wé tún fẹ́ gbé òfin dìde. Ó ní òun kò mọ ẹni tí òun fẹ́ kà, ilé kan, ohùn kan, báwo ni ayálégbé àti ìyàwó ilé ṣe máa dìbò?

Àbúrò mi ní, "Bàbá, nígbà tí omi bá ń wọlé, ṣé ó máa ń béèrè ẹni tó nilé?"

"Kì í béèrè."

"Ṣé ó máa ń fi ti ìyàwó sílẹ̀ kó mú ti ọkọ?"

"Aunty, ẹ̀yin náà!"

"Ẹni tí omi bá máa kàn, ẹ kà á."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ọ̀rọ̀ ti délẹ̀ báyìí, alága ló kù. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbà, ọ̀tún lè má rí i mú, nítorí apá òsì ni àwọn ayálégbé pọ̀ sí. Mo wo àbúrò mi. Kò bẹ̀ mí, kò ṣẹ́jú sí mi. Ó ń wò mí bí ó ṣe máa ń wò mí nígbà tó bá bi mí ní tábìlì ìṣirò, tó sì mọ̀ pé mo mọ ìdáhùn. Mo ní, "Ẹ ka gbogbo wọn."

Akọ̀wé ní kí a nawọ́. Àbúrò mi ní, "Bí mo bá dìde, tí mo nawọ́, ọ̀pá á bọ́, màá ṣubú lé yín lórí." Mo ní kò sí wàhálà, kí oníkálùkù lọ dúró sí apá títì tó bá fẹ́ kí afárá gbà, ká ka èèyàn bí wọ́n ṣe dúró. Èrò tèmi nìyẹn o. Wọ́n ní akọ̀wé náà ń rò ó, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.

Mo lọ dúró lápá ọ̀tún, àwọn ará ọ̀tún tẹ̀ lé mi. Mo ń retí ìyàwó mi. Ó bọ́ sójú títì, ó ń lọ síwájú, kò yà.

Mo pè é. "Mummy, apá ibí ni kúlà rẹ wà o!"

Ó ní, "Mo mọ ibi tí kúlà mi wà, Daddy."

Ó kọjá sápá òsì. Ariwo sọ. "Alága, ilé yín ti jábọ́! Alága, ẹ̀yin àti ta lẹ jọ máa jẹun lálẹ́?" Ìyàwó mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà, ó ní, "Ẹ fi ọkọ mi lọ́rùn sílẹ̀. Mínírà lè dúró di ọjọ́ mìíràn. Ọmọ tó fẹ́ wọlé sílé ìwé kò lè wọ ìhòòhò dúró."

Àbúrò mi ló kẹ́yìn. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sọdá. Títì yẹn kò dán, gbágungbàgun ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀pá kan wọ kòtò, ó dúró, ó yọ ọ́. Ẹsẹ̀ mi ti gbéra láti lọ gbé e, àṣà ti di ẹran ara. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí lẹ́ẹ̀kan. Mo kó ọwọ́ sẹ́yìn, mo dúró. Gbogbo àdúgbò dúró dè é, kò sẹ́ni tó ṣe sùúrù rẹ̀ bí ẹ̀bùn, wọ́n kàn dúró ni, bí wọ́n ṣe máa ń dúró de ọkọ̀. Nígbà tó débẹ̀, akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan èjìká èèyàn, ó ń kà. Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó gbé ohùn sókè ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

"Aunty, mo ti kà yín o! Ẹ má tún sọ pé mi ò kà yín."

"Ẹ tún mi kà, kó dá mi lójú."

"Háà! Ẹ̀ẹ̀mejì? Màgòmágó nìyẹn!"

Òun náà rẹ́rìn-ín, bàbá náà rẹ́rìn-ín. Apá òsì ló wọlé, kò tiẹ̀ jọ ohun tí à ń jiyàn lé lórí. Mo kéde rẹ̀ fúnra mi. Mo ti pàdánù nǹkan rí láyé mi, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì rí ẹni tó pàdánù dáadáa bíi tèmi. Mo gbá akọ̀wé lọ́wọ́ mú, mo bọ àwọn ará òsì lọ́wọ́. Mo wá sọ fún wọn pé afárá tí mo bá máa ṣe lọ́dún yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ti ń rí.

Mo sì ṣe é. Ẹsẹ̀ irin rẹ̀, mo rì í wọlẹ̀ dáadáa. Pákó rẹ̀ fẹ̀ débi tí ọ̀pá méjì á fi gbà á lẹ́ẹ̀kan náà láì jábọ́ sómi. Mo tún ṣe irin ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohun tí kò sẹ́ni tó ṣe é rí ní gbogbo ẹ̀bá omi yìí, bóyá títí dé Àgbóyí pàápàá. Mo fi nọ́ọ̀tì dè é, kí a lè tú u palẹ̀ bí omi bá lọ. Àwọn tó wá láti àdúgbò mìíràn ń ya fọ́tò rẹ̀. Mo máa ń dúró sítòsí nígbà tí wọ́n bá ń yà á.

Omi dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ilé ìwé fẹ́ wọlé, mo ká ṣòkòtò sókè, nítorí kò sí afárá lápá tèmi, mo wọ́dò lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi láti wo bí iṣẹ́ mi ṣe rí. Àwọn ìyá ti wà lórí afárá pẹ̀lú aṣọ gígé lábẹ́ apá, wọ́n dúró tẹ̀ léra wọn. Ó jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó kí wọn, ó fi ọ̀pá kan sábẹ́ apá, ó na ọwọ́ kejì mú irin ìdìmú. Mo ń retí kó yìn mí.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, irin yìí ga jù."

Inú omi ni mo dúró sí. Mo ní, "Irin tèmi? Ga jù fún ta ni?"

"Fún èmi. Fún ọmọ yìí náà." Ó fa ọmọ kan mọ́ra tí ìyá rẹ̀ di apá rẹ̀ mú, irin náà kọjá orí ọmọ náà pátápátá. "Gíga tiyín lẹ fi wọ̀n ọ́n."

"Kò sẹ́ni tó tíì rí àléébù sí iṣẹ́ mi rí láti Kétu dé Ògùdù!"

"Ó ga ni, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Àwọn ìyá ń gbé ojú pamọ́, wọ́n ń fi aṣọ bo ẹnu. Mo padà wọ́dò lọ sílé, mo gbé sípánà, mo wọ́dò padà wá. Mo tú nọ́ọ̀tì níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sọ irin kalẹ̀ díẹ̀, mo tún un dè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti ń wọn ọmọ náà, ó ń sọ pé, "Na apá rẹ, má gbọ̀n, kí ẹ̀yìn rẹ tọ́." Ó ká téèpù rẹ̀, ó wá gbé ọwọ́ lé irin. Ó rìn dé ìparí, ó rìn bọ̀.

Ó ní, "Ó kù díẹ̀ sí i."

Mo tún tú u.